Èémí Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Ọ̀gá Fèrè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025

Dámiláre pe ìyá rẹ̀ láti Oǹdó láàárọ̀ yìí. Mo wà ní bálùwẹ̀, ọṣẹ lójú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere nínú fóònù: "Mọ́mì, ẹ gbàdúrà fún mi o, a máa wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́rin." Ìjọba — ìyàwó mi nìyẹn, torí òun ló ń pàṣẹ, èmi ni ará ìlú — dá a lóhùn pé Ọlọ́run á tì wọ́n lẹ́yìn. Ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń lọ kọ́ọ̀tù, ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò bi í léèrè. Mo wọṣọ, mo lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká, Àkúrẹ́ níbí. Mo bi Stephen, tá a jọ wà ní yàrá fáìlì, bóyá ó mọ lọ́yà kan tó mọ Oǹdó dáadáa. Ó ní kí ni ọmọ náà ṣe. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní fóònù ni wọ́n sábà máa ń jí. Gbogbo yàrá bá mi kẹ́dùn títí di ọ̀sán. Stephen ti kọ orúkọ lọ́yà méjì sórí bébà fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni Àgbẹjọ́rò tó ṣàlàyé lórí fóònù. Àgbẹjọ́rò ni mò ń pe Fọlákẹ́mi, àkọ́bí mi. Tíṣà ni ní Ìjàrẹ̀, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ló fi ń mí. Ó ní kọ́ọ̀tù tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní Dámi ti wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já.

Ó yẹ kí ara mi balẹ̀. Kò balẹ̀. Ọmọ tó ní ikọ́ fée láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ tí mo gbé sáré lọ ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì nígbà tá a wà ní Ọ̀wọ̀, tí àyà rẹ̀ ń hàn bí àyà ẹyẹ, tí èémí rẹ̀ ń súfèé. Òun ni yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ nínú oòrùn nítorí agbọ̀n tí kò nídìí. Ó sàn kó jẹ́ kọ́ọ̀tù tó ní adájọ́.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kejì

Mo pè é fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbé e. Ó ní òun wà ní kíláàsì. Kíláàsì wo ni wọ́n ti ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ gbì, gbì?

Ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ti mú mi o. Nínú èèyàn mọ́kàndínlógójì, méjìlá ni wọ́n mú." Mo ní ta ni wọ́n. Ó ní Kóòṣì àwọn ni, Kóòṣì Oríọlá. "Wọ́n ní ọwọ́ mi dáa. Wọ́n ní mo máa ń ronú kí n tó jù ú."

Mo bi í bóyá ó sọ ti àyà rẹ̀ fún wọn. Adìyẹ kan ń ké níbi tó wà. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé ohùn adìyẹ wá láti Oǹdó láìdà á sílẹ̀. Mo fún un lọ́rùn díẹ̀, ó jẹ́wọ́: wọ́n ní kí kálukú kọ àìsàn tó ní sínú fọ́ọ̀mù. Ó kọ "Rárá".

Kóòṣì. Mo mọ irú wọn. Ikùn níwájú, ṣòkòtò péńpé, okùn fèrè tí òógùn ti sọ di dúdú lọ́rùn. Kò lè sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kiri. Láti òní lọ, Ọ̀gá Fèrè ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kejì

Wọ́n borí. Dámi jẹ ayò mẹ́sàn-án. Ìjọba jó yí tábìlì po. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kejì

Ìjọba dìde jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun dúpẹ́ pé ọmọ òun ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n ní Oǹdó. Fíkà ìjọ wa ní a yin Olúwa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ pé kò yé e. Bàbá Adélaní tó jókòó níwájú mi yíjú padà, ó rọra bi mí pé ṣé oko kòkó ni. Ó gbọ́ Oǹdó, ó gbọ́ agbọ̀n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní kí Olúwa bù sí i. Mo ṣe àmín.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kejì

Ìjọba ń bá Ọ̀gá Fèrè sọ̀rọ̀.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní Kóòṣì wọn sọ pé Dámi ń jẹun dáadáa. Mo ní ta ló sọ fún ọ. Ó ní, "Àwọn fúnra wọn ni. A ti ń pe ara wa láti ọjọ́ Ajé. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, Bàbá Kẹ́mi. Ẹ̀rín wọn pọ̀."

Ẹ̀rín wọn pọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, kò sọ ọ́ rí pé ẹ̀rín mi pọ̀.

Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà náà, kí n bá a sọ ọ́ bí ọkùnrin ṣe ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ó gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà. Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní òun ò fún mi, pé ẹnu mi kò dáa, màá ba ọ̀nà jẹ́ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wà, òun nìkan. Mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì

Ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ lásán. Ó ti di fọ́tò.

Mi ò wo fóònù ìyàwó mi o. Ó kàn wà lórí tábìlì, ó tàn, ojú mi sì wà níbẹ̀. Fọ́tò ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé, omi ń jò lára rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀: "Mọ́mì Dámi, ó tún jò o. Báwo lẹ ṣe ń ká ti yín?" Ọkùnrin wo ló ń fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó oníyàwó? Wọ́n gbà á síṣẹ́ kó kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù, ewé ló ń kọ́.

Mo sọ fún Stephen. Ó mi orí títí. Ó ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ti àbúrò òun, ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kejì

Wọ́n lọ gbá ní Ìkàrẹ́. Wọ́n pàdánù. Dámi jẹ mọ́kànlá, inú rẹ̀ ò dùn síbẹ̀. Ó fi fọ́tò gbogbo wọn ránṣẹ́, wọ́n tò síwájú bọ́ọ̀sì. Òun nìyí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Akínlolú, ọmọ Oǹdó tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tí mò ń pè ní Òpó Iná nítorí pé ó ní láti tẹ̀ kó tó lè wọ ilé wa. Lẹ́yìn wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà, ó gbé àpò bọ́ọ̀lù kọ́ èjìká. Olóúnjẹ wọn nìyẹn, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì — òun. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ikùn níwájú, bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

Mo fi fọ́tò náà han Ìjọba. Mo ní wò ó bí Kóòṣì wọn ṣe sanra tó. Ó gba gíláàsì mi, ó fi wò ó dáadáa, ó ní, "Kóòṣì? Wọ́n pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni o. Wọ́n tiẹ̀ tún rù sí i."

Obìnrin yìí kò ríran mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kejì

Mo pe Dámi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń sọ ti ìdánwò, ti omi tí kò sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mo ń gbọ́ ọ: fíì. Fíì. Ó rò pé mi ò gbọ́. Etí mi ti gbọ́ ohùn yẹn fún ọdún méjìdínlógún.

Mo ní Ike Búlúù ńkọ́. Ìnhélà rẹ̀ nìyẹn, a kì í pe orúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí. Ó ní ó wà nínú báàgì. Mo ní ta ló mọ̀ pé ó wà nínú báàgì. Ó ní kò sí. Mo ní tó o bá ṣubú ńkọ́, ta ló máa mọ ohun tó yẹ kí wọ́n wá. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á yọ mí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ọmọ yìí kì í bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo nà án, kò bẹ̀bẹ̀ nígbà tí mo gba fóònù rẹ̀.

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ ohun tí mo gbọ́. Mò ń lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mi ò fẹ́.

Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ ní agogo mẹ́jọ. Mo wọ funfun lókè nílẹ̀, kí Ọ̀gá Fèrè lè mọ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọ̀kadà gbé mi dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, eruku ti sọ funfun di àwọ̀ tí mi ò mọ̀. Mo tètè dé jù. Kọ́ọ̀tù náà rèé: sìmẹ́ńtì tó ti sán, ewúrẹ́ méjì lábẹ́ agbọ̀n. Kò sí ẹlòmíì àfi obìnrin inú fọ́tò, fìlà lórí, ó jókòó lórí àga oníke, ó ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ bọ́ọ̀lù.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó fún mi ní àga rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àpò bọ́ọ̀lù. Ó ní ṣé ọmọ mi wà nínú wọn ni. Mo ní Dámiláre. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ọmọ yẹn, sà. Ó gbọ́n."

Inú mi rọ̀. Ó ti pẹ́ tí obìnrin kan ti fetí sí mi láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kóòṣì tí wọ́n ní níbí, apànìyàn onífèrè ni. Mo ní ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ, òun á wá tẹ̀ lé e. Mo ní kò tiẹ̀ ní ìtìjú, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ló fi ń wá ojúure ìyàwó mi.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pọ́ǹpù. Ó ní, "Ọ̀lẹ̀lẹ̀, sà?"

Mo ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo ní ó tún ń jò.

Ó fa fìlà bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń bá mi kẹ́dùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ èyí tó kù. Ikọ́ fée láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọsibítù Ọ̀wọ̀. Ike Búlúù nínú àpò ẹ̀gbẹ́ báàgì. Fọ́ọ̀mù tó kọ "Rárá" sí. Èjìká rẹ̀ ò mì mọ́. Ó ká fìlà sókè, ó bi mí pé ìgbà wo ló ṣe é kẹ́yìn. Mo ní mo gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bi mí bóyá eruku ló máa ń fà á tàbí òtútù. Mo ní eruku. Ó wo ilẹ̀ kọ́ọ̀tù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́." Mo rò ó lọ́kàn mi pé obìnrin yìí ì bá mà ṣe é ní kóòṣì.

Bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì kó àwọn ọmọ dé láti họ́sítẹ́ẹ̀lì. Onítáwẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo dìde lọ pàdé rẹ̀. Mo ní kí ni ọmọ mi ṣe fún un tó fi fẹ́ pa á. Mo ní kó jìnnà sí ìyàwó mi. Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo àwọn tó ń sọ̀ lè gbọ́. Ó fara balẹ̀ wò mí títí mo fi parí. Ó ní, "Oga, na driver I be o. I no know your wife."

Fèrè dún lẹ́yìn mi.

Gbogbo wọn sáré kọjá lára mi lọ bá a. Wọ́n ń tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, mà." "Ẹ káàárọ̀, mà." Ọ̀gá Fèrè dìde lórí àpò bọ́ọ̀lù, ó gbọn eruku kúrò nídìí.

Dámi rí mi. Ó rí àga méjì tó dojú kọra, tàbí àga kan àti àpò kan, bákan náà ni. Ó wo kóòṣì rẹ̀, ó wò mí. Ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé nǹkan kan fún un. Wọ́n bá àwọn ará Òkìtìpupa gbá, Dámi ò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ayò méjìlá ni àwọn Òkìtìpupa fi lù wọ́n. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń mí geerege. Ohun tí mo wá ṣe ni mo ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kẹta

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní inú ń run mí.

Mo jókòó tú ìwé yìí láti ojú ewé àkọ́kọ́, mò ń wá ibi tẹ́nikẹ́ni ti sọ pé ọkùnrin ni. Dámi: wọ́n. Ìjọba: wọ́n, wọ́n, wọ́n. "Wọ́n" ò ní irùngbọ̀n, kò sì wé gèlè. Ibi tí "ọkùnrin" ti jáde, ọwọ́ èmi ló kọ ọ́.

Mo bi Ìjọba pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ ò bi mí." Ó ní ọjọ́ ẹ̀wà yẹn ló tó yé òun pé ọkùnrin ni mo pè wọ́n, ó sì dùn mọ́ òun jù láti tún un ṣe. Ó ní Kóòṣì ti pe òun, wọn ò bínú nípa ti ikùn. Mo ní ti Dámi ńkọ́. Ó lọ tan gáàsì.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Ọjọ́rú Eérú. Fíkà fi eérú sàmì síwájú orí mi. Níbi iṣẹ́, Stephen bi mí bóyá ilé ló jó.

Dámi ò gbé fóònù mi láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀sán yìí ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: "Ẹ ṣé, sà."

Bàbá mi ló máa ń pè mí. Láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ sọ. Sà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Wọ́n fi ayò kan borí, láìsí Dámi. Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n ti máa gbá àṣekágbá, ọjọ́ kejìlélógún. Òpó Iná ló pe Ìjọba sọ fún un. Ọmọ mi ò pe ẹnì kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Mo gbé e láàárín fáìlì. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹni tí ikùn rẹ̀ ń kọ́kọ́ dé ni o."

Mo dìde dúró. Mi ò mọ ìdí tí mo fi dìde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Kóòṣì Oríọlá ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, pé dírẹ́bà ló yẹ kí n bẹ̀, torí pé ìyàwó tirẹ̀ ti gbọ́ ní Oǹdó. Ó ní òun ò lé Dámi. Òun dá a dúró ni. Ó ní kí n mú un lọ rí dókítà. Tí dókítà bá gbà, fọ́ọ̀mù kan wà tí dókítà á fọwọ́ sí, tí èmi náà á sì fọwọ́ sí. Mo ní ọmọ ọdún méjìlélógún ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìfọwọ́sí mi ṣe. Ó ní, "Òfin ò béèrè ẹ, sà. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ọmọ yẹn ò lè gbá bọ́ọ̀lù kan tó bá ń rò pé ẹ̀ ń kú lọ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí."

Mo ní ṣé ó lè fi dá mi lójú pé nǹkan kan ò ní ṣe é. Ó ní rárá, sà.

Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ì bá purọ́ díẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Dámi wá láti Oǹdó nítorí dókítà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi gbalaja ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù, bí ẹni tó rí àlejò. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, àyè ẹnì kan wà láàárín wa, obìnrin aboyún kan wá jókòó síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Dókítà, ọmọdé ni, kò ju Fọlákẹ́mi lọ. Ó ní kí Dámi fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń ṣe é. Mo ti la ẹnu láti dáhùn. Dámi ní, "Ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù." Mi ò mọ̀. Ó ní tí ó bá ti ń bọ̀, òun máa ń lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ fà á, kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun. Dókítà ní kí ló dé. Dámi wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré nìyẹn."

Wọ́n. Mo mọ ẹni tó ń jẹ́ wọ́n lọ́tẹ̀ yìí.

Dámi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, lórí tábìlì oúnjẹ, òun dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Ǹjẹ́ ọmọ yìí ní àìsàn kankan? Mo kọ "Rárá". Mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n rí Ike Búlúù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á máa pè é ní olókùnrùn, wọn ò ní bá a ṣeré. Akọ̀wé fáìlì ni mí, ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáa. Rárá tó tọ́ gbọọrọ. Ọmọ náà ní, "Bàbá mi, ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?" Mo ní fọ́ọ̀mù ni.

Dókítà ní ó lè gbá a. Kó fa ìnhélà lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ kọ́ọ̀tù, kí àwọn tó yí i ká mọ̀, kó jáde lójú ẹsẹ̀ tí àyà bá ti ń fún. Ó fọwọ́ sí i. Ó ti bébà náà sọ́dọ̀ mi. Mo kà á. Mo tún kà á. Mo ká a, mo fi sápò.

Dámi wo àpò mi. Ó ní òun ń lọ, kí bọ́ọ̀sì má baà fi òun sílẹ̀. Ó dàbọ̀, sà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Báírò ò yọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Báírò yọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Àgbẹjọ́rò gun ọ̀kadà láti Ìjàrẹ̀ wá bá mi jà. Láìdé akoto. Mo sọ fún un. Ó ní kí n má yí ọ̀rọ̀ padà.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti ń fọwọ́ sí fáìlì láìkà á láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bí mi. Ẹyọ kan tẹ́ ẹ kà lẹ ò wá lè fọwọ́ sí."

Mo ní tí mo bá fọwọ́ sí i, tó sì ṣubú, ọwọ́ mi ló pa á. Ó ní tí n ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́, ṣé mo rò pé á jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù ni? Á gbá a ní pápá míì, lọ́dọ̀ àwọn tí ò mọ nǹkan kan. "Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa wá ṣubú sí. Ta ló máa gbé e níbẹ̀?"

Mo wo ojú Ìjọba kó gbè mí. Ìjọba ń ká ewé. Kò sọ nǹkan kan láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta

Mo fọwọ́ sí i láàárọ̀, kí n tó jẹun. Àyè kan ṣófo níbẹ̀ tí mi ò rí tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ní kí a kọ àìsàn sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: ikọ́ fée. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni mo kọ ọ́. Mo kọ ìkíní kékeré jù, mo fagi lé e, mo tún un kọ kí ẹni tó bá wà lókèèrè lè kà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Wọ́n pàdánù. Ayò mẹ́ta péré. Ìjọba sunkún, Òpó Iná sunkún. Dírẹ́bà náà sunkún, ó kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó rí i dájú pé òun ò dúró nítòsí ìyàwó mi. Dámi jẹ ayò mẹ́tàlá, mẹ́rin nínú rẹ̀ lẹ́yìn ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ fi fọ́ọ̀mù lé Kóòṣì Oríọlá lọ́wọ́. Ó kà á, ó pe Dámi, ó nàka sí ibi tí mo kọ. Dámi kà á. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Kò kí mi. Ó lọ wọ jẹ́sì rẹ̀.

Mi ò mọ òfin bọ́ọ̀lù yìí. Stephen tó tẹ̀ lé mi wá ń ṣàlàyé fún mi, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ohun kan. Òótọ́ ni pé ó máa ń ronú kó tó jù ú. Gbogbo wọn á ti sáré kọjá, òun á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń rántí orúkọ. Á wá jù ú. Ọdún méjìlélógún, mi ò mọ̀ pé ọmọ mi lè dúró báyẹn.

Ìgbà tí wọ́n padà láti ìsinmi ni mo rí i. Èjìká rẹ̀ lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kòtò méjì yẹn ní ọrùn rẹ̀ ń wọlé. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ ojú ara mi lọ. Mo dìde. Ìjọba di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn. Mo ti la ẹnu láti pariwo orúkọ rẹ̀.

Ó gbọ́wọ́ sókè. Òun fúnra rẹ̀. Bí ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì.

Kóòṣì rán ẹlòmíì wọlé. Dámi jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó yọ Ike Búlúù jáde níbẹ̀, lójú kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fà á. Ó dúró. Ó tún fà á.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń wá ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Òpó Iná, tí rẹfirí ti lé jáde, na omi sí i láìgbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ń bá rẹfirí jà. Stephen ń purọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo pápá ń wo eré.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò ó. Èmi ni.